Àwọn Tí Kò Ní Lẹ́tà

Bí àwa tí a ka ìwé girama ní Òkè-Ògùn láàárín ọdún 1970 sí 1985 bá pàdé níbi ìnáwó, orúkọ olùkọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ dá. A ó rántí ẹni tó fi pàṣán kọ́ wa ní ìṣirò, a ó rántí pírínsípà tí gbogbo ọgbà máa ń pa lọ́lọ́ tí mọ́tò rẹ̀ bá ti yọ. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnì kan tó dárúkọ mẹ́sẹ́ńjà, tàbí Bàbá Ọdẹ, tàbí àwọn ìyá tó ń dáná fún àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Èmi kò lè gbàgbé wọn, nítorí màmá mi wà lára wọn. Ó ti ń rokà, ó ti ń se ẹ̀wà ní ilé-ìwé girama kan ní Ṣakí kí n tó gbọ́n, ibẹ̀ náà ló sì wà nígbà tí èmi fúnra mi wọ fọ́ọ̀mù wáànù ní ọdún 1976. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ gádínà. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ní Ìbàdàn lè rò pé òdòdó ló ń bomi rin. Pápá ni ilẹ̀ tiwa. Tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ wọlé, koríko tó ga ju ènìyàn lọ á gbẹ, àwọn tó ń dẹ̀gbẹ́ á sì máa tiná bọ pápá káàkiri, láti Ìgbòho títí dé Tedé. Gádínà ló ń ha ilẹ̀ yí ọgbà ká kí iná má bàa wọ kíláàsì, ọkọ́ àti àdá ló sì fi ń ṣe é. Òun ló ń pa ọká tó bá sá wọ ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú, iná fo ààlà lóru, òun àti Bàbá Ọdẹ ló fi ewé tútù lù ú pa kó tó dé ilé tí àwọn ọmọ sùn sí. Lọ́jọ́ kejì a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní àṣẹ́ńbílì. Kò sẹ́ni tó pe àwọn méjèèjì jáde kí a lè kí wọn.

Bàbá Ọdẹ, ọdẹ gidi ni. Ìbọn ṣakabùlà tó gbé wá, tirẹ̀ ni. Ẹ̀tù inú rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, òun ló ń rà á. Ilé-ìwé fún un ní kóòtù káàkí kan, wọ́n sì ń fún un ní owó tó kéré ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú ọgbà, nítorí wọ́n ní oorun ló ń sùn.

Mẹ́sẹ́ńjà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Gbogbo ohun tó kan ilé-ìwé, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i: fáúṣà owó oṣù, fọ́ọ̀mù ìdánwò, lẹ́tà tí wọ́n fi ń gbé olùkọ́ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Mẹ́sẹ́ńjà ló ń rù wọ́n lọ, òun ló ń rù wọ́n bọ̀. Àfẹ̀mọ́jú ni yóò ti wọ bọ́lẹ́kájà ní Ṣakí, wọ́n á gba Agọ́-Àrẹ, wọ́n á gba Òtù, wọ́n á já sí Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n tó wá forí lé Ìbàdàn. Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Mọníyà, tí kò ju kìlómítà 65 lọ, tí wọ́n ti tún ṣe báyìí, lè gba ènìyàn ní odindi ọjọ́ nígbà òjò láyé ìgbà yẹn. Bí akọ̀wé Ìbàdàn bá ní kó padà wá lọ́la, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ojúlùmọ̀ ló ń sùn. Mo ti rí i tó dé lóru tí eruku pupa bo irun rẹ̀, tó fi ọ̀rá wé fáìlì mọ́yà kí òjò má bàa kàn án. Nítorí ọkùnrin yẹn ni àwọn olùkọ́ ṣe ń rówó gbà lóṣooṣù.

Ìdáná ni mo mọ̀ jù. Kó tó di aago mẹ́rin ìdájí, màmá mi ti kúrò nílé. Igi ayín àti igi emi ni wọ́n fi ń dáná, wọn a máa jó kanrin, èéfín wọn a sì máa ta ojú. Àwọn obìnrin náà ò pọ̀, ọmọ tí wọ́n ń bọ́ lé ní igba. Ẹni tó bá ti ro ọkà èlùbọ́ fún ọmọ igba rí mọ ohun tí apá ń sọ lálẹ́. Wọ́n tún ń pọn omi, nítorí ẹ̀rọ omi ọgbà kì í yọ láti oṣù kejìlá títí òjò yóò fi tún rọ̀. Àwa ọmọ kàn ń rí abọ́ lórí tábìlì ni. Bí oúnjẹ bá pẹ́, a máa ń lu tábìlì, èmi náà á máa lù ú pẹ̀lú wọn, màmá mi á sì máa gbọ́ ọ láti inú èéfín.

Ní ọdún 1978, epo gbígbóná dà sí i lápá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ọsibítù àwọn Bátísì ní Ṣakí ló ti gba ìtọ́jú, bàbá mi ló sanwó. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ owó ọjọ́ tí kò fi wá síṣẹ́. Màmá mi kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni. Ó lọ bá bọ́sà, bọ́sà sì dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ìyá, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni yín. Ọjọ́ tí ẹ bá wá la ó san.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ayé Òyìnbó ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí agbanisíṣẹ́ san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bọ́sà lè má mọ̀. Màmá mi kò mọ̀. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo ọgbà yẹn, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà, tó sọ fún un.

Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni pé kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Pírínsípà ìgbà kan ló rí i tó ń dáná níbi ìgbéyàwó, tó ní, “Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ Ajé.” Báyẹn ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lóṣooṣù, yóò fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ńlá kan, yóò gba owó, ó parí. Inú owó oúnjẹ tí òbí ń san fún họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń sanwó fún un, kì í ṣe inú owó ìjọba. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo rí òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974 ni ojú mi tó là. Àwọn tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yẹn dìídì ṣe fún. Ó ní kó tó pé oṣù mẹ́ta tí ènìyàn wọṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí yóò sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ọjọ́ tó wọṣẹ́, iye tí yóò máa gbà àti bí wọ́n ṣe lè fòpin sí i. Ó ní aboyún tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó kéré tán pẹ̀lú ìdajì owó rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, ọdún 1977 la bí i. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, kò pẹ́ tí màmá mi fi pọ̀n ọ́n padà sídìí iná.

Ṣáájú ìyẹn, àǹfààní kan ti kọjá lójú màmá mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni owó Udoji, ẹ̀kúnwó ńlá tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, dé. Àwọn olùkọ́ ra alùpùpù, wọ́n ra rédíò, ẹlòmíràn sọ páànù sórí ilé bàbá rẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà náà rí tirẹ̀ gbà, torí ó ní lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọ tó dá ilé-ìwé sílẹ̀. Àwọn ìyá ìdáná kò rí kọ́bọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Oṣù kejì 1976 ni wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Àwọn kan wá láti ka òṣìṣẹ́. Ẹni tó ní lẹ́tà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní, wọ́n ní kí pírínsípà bá wọn ṣe ìwé ránṣẹ́. Kí ìwé náà tó jáde, wọ́n ti gbé pírínsípà lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Mo máa ń ronú sí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan yẹn. Bí ẹnì kan bá jókòó kọ lẹ́tà mẹ́fà péré, ìgbésí ayé ilé mẹ́fà ni ì bá yí padà.

Àwọn olùkọ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn, NUT, láti ọdún 1931. NASU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe olùkọ́, bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ọdún 1978 ló fìdí múlẹ̀, nígbà tí ìjọba ológun kó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ jọ sí 42. Nígbà tí ìròyìn ẹgbẹ́ yìí dé Ṣakí, mẹ́sẹ́ńjà wa ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ó pe gbogbo wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìdáná, ó ṣàlàyé. Màmá mi sọ fún mi pé òun béèrè bóyá ẹni tí kò ní lẹ́tà lè wọ̀ ọ́. Mẹ́sẹ́ńjà ní inú owó oṣù tí ìjọba ń san ni wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́. Wọ́n dákẹ́. Iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n, wọ́n dìde lọ.

Ìgbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà wa dára fún àwọn kan, n kò ní parọ́. Láti oṣù kẹwàá 1979 tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, dé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé-ìwé girama ń hù ní ìletò tí a kò lérò. Ilé-ìwé tuntun kò lè ṣe láìní akọ̀wé, mẹ́sẹ́ńjà àti ọdẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Ògùn sì rí lẹ́tà ìjọba gbà nígbà náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìran wọn. Gádínà wa wà lára wọn. Ní oṣù karùn-ún 1981, Hassan Sunmonu àti NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń darí, da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, òfin sì jáde pé owó oṣù tó kéré jù lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ náírà 125. Ẹ wo bí inú gádínà ti dùn tó! Àárín ọjọ́ kan ló di ẹni tó lè rán ọmọ rẹ̀ níwèé. Màmá mi, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ní ìdáná, kò gba ìdajì iye yẹn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó gbé gádínà sókè ló pa ìdáná. Àwọn ilé-ìwé ti súnmọ́lé, ọmọ Agọ́-Àmọ̀dù kò nílò láti wá gbé Ṣakí mọ́. Họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ń tú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Bọ́sà ló tún jẹ́ iṣẹ́ fún màmá mi: “Ìyá, ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́. Ọmọ ò sí.” Òfin 1974 ní ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ oṣù kan. Ti màmá mi kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ó kó ìgbákọ rẹ̀, torí òun ló ra á, ó sì bọ̀ wálé. Ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ kò sì yọ àwọn tó ní lẹ́tà sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ológun tún gbàjọba ní òpin 1983, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró káàkiri orílẹ̀-èdè, bí wọ́n ti ń dá ti ilé-iṣẹ́ dúró ni wọ́n ń dá ti ilé-ìwé dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní lẹ́tà rí ohun tó lè mú dání lọ sí Ìbàdàn láti béèrè owó ìfẹ̀yìntì. Mẹ́sẹ́ńjà wa béèrè tirẹ̀ títí ó fi kú. Ọdún tó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọ ni wọn kò rí nínú fáìlì. Ẹni tó ru fáìlì gbogbo wa! Ìyàwó rẹ̀ ló padà gba ìwọ̀nba tí wọ́n fọwọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n gba èmi náà ní akọ̀wé ilé-ìwé ní Ìṣẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo ni màmá mi sọ. “Wọ́n á fẹ́ fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lónìí. Má gbà á o. Lẹ́tà ni kí o kọ́kọ́ gbà.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí pírínsípà fi fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́, mo sì ní in títí di òní, pẹ̀lú gbogbo ìwé ìgbéga tó tẹ̀ lé e.

Láti orí àga akọ̀wé yẹn ni mo ti rí bí iṣẹ́ ṣe yí padà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo bá níbẹ̀ di kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí akọ̀wé, tàpísì àti mẹ́sẹ́ńjà jọ ń ṣe di ti ẹnì kan. Ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò WAEC àti NECO bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, akọ̀wé ló ń ṣe é, bí iná ò bá sí, yóò fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí kàfé. Owó oṣù tí mẹ́sẹ́ńjà ń fi ọjọ́ méjì gbé bọ̀ di álẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Àwọn ọdún kan wà, bíi 2015 àti 2016, tí álẹ́ẹ̀tì náà ń pẹ́ gan-an ní ìpínlẹ̀ wa àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó ń tọ́jú lábù fẹ̀yìntì, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ kẹ́mísírì ló ń fọ ìgò. Gádínà kú, àwọn ọmọ ló ń ro oko ọgbà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin pé kí olùkọ́ máa ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí kí ó lo ogójì ọdún. Ó tọ́ sí wọn. Akọ̀wé tí wọ́n jọ ń wọ ẹnu ọ̀nà kan náà, 60 tàbí ọdún 35 ni tirẹ̀ ṣì jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ipò tí màmá mi wà kò tíì parí. PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ló ń gba ọdẹ lónìí, PTA ló ń gba ẹni tó ń gbálẹ̀, PTA ló tilẹ̀ ń gba olùkọ́ ní ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, bíi ti 1970. Ètò oúnjẹ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 dá obìnrin padà sídìí iná ilé-ìwé, ó sì bọ́ ọmọ púpọ̀. Náírà 70 lórí ọmọ kan fún oúnjẹ kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di 100, inú rẹ̀ sì ni èlò àti iṣẹ́ ọwọ́ ti ń jáde. Àwọn obìnrin náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn kì í ṣe ti ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba dá ètò náà dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ilé ni wọ́n padà sí. Wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di náírà 70,000 ní ọdún yẹn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 80,000 ni tòun, ṣùgbọ́n ta ni yóò san án fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbi kankan?

Iṣẹ́ ọdẹ sì ti di iṣẹ́ ìfẹ̀míwewu. Ní oṣù kìíní 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan lọ́nà ní Ẹ̀mùré-Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké pẹ̀lú olùkọ́ wọn lọ, wọ́n sì kó awakọ̀ mọ́ wọn. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé-ìwé létí igbó ní Òkè-Ògùn lónìí ń ṣọ́ ohun tí Bàbá Ọdẹ wa kò rí rí. Bí nǹkan bá ṣe é, ìwé wo ni ìyàwó rẹ̀ yóò gbé jáde?

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ẹni tí wọ́n pọ̀n padà sídìí iná ní 1977, ń ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló sọ fún mi pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ja ìjà yìí: òfin 2009 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa jíròrò owó àti ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tí kì í ṣe olùkọ́, ìjọba mìíràn fi òfin 2011 pa á rẹ́, òfin 2025 sì tún gbé e dìde. Ọmọ náà ní lẹ́tà tirẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Màmá mi kú láìgba kọ́bọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yin pírínsípà àti alága PTA ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn, mo bẹ̀ yín: ọdẹ yín, agbálẹ̀ yín, ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ yín, ẹ kọ lẹ́tà fún wọn. Orúkọ wọn, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, iye tí ẹ ń san, iye ọjọ́ tí ẹ ó fi kìlọ̀ kí ẹ tó dá wọn dúró, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kan péré ni. Ẹ kọ ọ́ kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.